Àtọ̀gbẹ àti Ìsoríkọ́ ní Ilé Ìwòsàn Alábọ́ọ́dé

Ìsoríkọ́ wà lára àwọn àìsàn tí ó máa ń bá àtọ̀gbẹ rìn, síbẹ̀ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kì í sábàá rí i. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, lè máa lọ gba oògùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn yóò gún un níka, wọn yóò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, wọn yóò kọ ọ́ sínú káàdì, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi í bóyá ohun tí inú rẹ̀ máa ń dùn sí tẹ́lẹ̀ ṣì ń dùn mọ́ ọn. Àìbéèrè yìí ń pa ènìyàn lára. Nígbà tí ìsoríkọ́ bá mú aláìsàn, ṣúgà rẹ̀ kì í wálẹ̀, nítorí oògùn kì í dé ẹnu rẹ̀ déédéé mọ́.

Ní ọdún 2001, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, tí Ryan Anderson ṣáájú wọn, kó ìwádìí 42 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé ewu ìsoríkọ́ lára ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tó ìlọ́po méjì ti ẹni tí kò ní in. Níbi tí ó jẹ́ ìwé ìbéèrè ni wọ́n fi wò ó, àmì ìsoríkọ́ hàn lára ìdá 31 nínú 100. Níbi tí ó jẹ́ pé onímọ̀ jókòó ti aláìsàn, tí ó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ìdá 11 péré ni. Nọ́ńbà méjèèjì ló tọ̀nà. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni kò jọra.

Àtọ̀gbẹ kò ní ọjọ́ ìsinmi. Lójoojúmọ́ ni ẹni tí ó ní in yóò máa ro ohun tí yóò jẹ, iye tí oògùn yóò ná an, ẹsẹ̀ tí ó fẹ́ẹ́ ní egbò, àti ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé tí kò jẹ́ kí ó bu ẹ̀bà ní àlàáfíà. Ó máa ń sú ènìyàn. Ní 1995, William Polonsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé ìbéèrè 20 jáde tí ó ń wọn irú ìnira bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ìnira àtọ̀gbẹ bò mọ́lẹ̀ ṣì lè bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àìsàn yẹn nìkan ló sú u. Ẹni tí ìsoríkọ́ mú, gbogbo nǹkan ló sú u, títí kan ọmọ-ọmọ náà. Àlàyé, sùúrù àti oògùn tí apá ká lè gba ẹni àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ẹnì kejì nílò ìtọ́jú ìsoríkọ́ fúnra rẹ̀, ohun tí ó sì ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà.

Àtọ̀gbẹ kò ṣọ̀wọ́n mọ́ ní Nàìjíríà. Ìwádìí àpapọ̀ orílẹ̀-èdè tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládipọ̀ Akínkùgbé ṣáájú rẹ̀ ní 1992 rí i lára ìdá 2.2 nínú 100 àwọn àgbàlagbà. Nígbà tí Andrew Uloko àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2018, ó ti di ìdá 5.8. Èyí túmọ̀ sí pé kò sí ìlú tí ó kéré jù láti ní àwọn tí àìsàn méjèèjì jọ ń bá fínra.

Màmú ní Ìpínlẹ̀ Ògùn jẹ́ irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀nà tí ó ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìbàdàn ni ó wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú tí Ìjẹ̀bú-Igbó jẹ́ ibùjókòó rẹ̀. Iṣẹ́ oko ló pọ̀ níbẹ̀: kòkó, obì, àti ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe gàrí. Ní ìhà Ìjẹ̀bú-Igbó, iṣẹ́ gẹdú náà tún wà. Yunifásítì ìpínlẹ̀ wà ní Àgọ́-Ìwòyè láti 1982, ó sì ti ń jẹ́ Olábísí Ọnàbánjọ láti 2001, ṣùgbọ́n Ṣàgámù ni ilé ìwòsàn ìkọ́ni rẹ̀ wà. Nítorí náà, àgbẹ̀ tí ṣúgà rẹ̀ ga ní Màmú kò ní dókítà àgbà nítòsí ilé. Nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni yóò kọ́kọ́ rí i, àwọn náà ni yóò sì máa rí i jù lọ. Fún àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, láti Abìgì dé àwọn abúlé etí omi, ọ̀nà náà tún jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kò bá irú iṣẹ́ yìí dé ayé. Nígbà tí Olikoye Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, ń gbé ètò náà kalẹ̀ káàkiri ìjọba ìbílẹ̀, aboyún, abẹ́rẹ́ àjẹsára, ibà àti ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé ló gba iwájú. Ohun tí ó ń dé tí ó sì ń lọ nìwọ̀nyí. Àtọ̀gbẹ kì í lọ. Ìsoríkọ́ ń lọ, ó sì ń padà. Káàdì aláìsàn fúnra rẹ̀ ní àyè fún ìwúwo, ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò sábàá ní ìlà kan tí a lè kọ ọkàn aláìsàn sí.

Ohun tí ó tún mú kí ó ṣòro ni pé aṣọ kan náà ni àìsàn méjèèjì ń wọ̀. Àtọ̀gbẹ tí kò wálẹ̀ ń mú kí ó rẹ ènìyàn, kí ó rù, kí ó má lè sùn nítorí pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni yóò dìde lóru láti tọ̀, kí agbára ọkùnrin dín kù, kí ìrántí má já geere. Ìsoríkọ́ náà ń ṣe gbogbo rẹ̀. Tí nọ́ọ̀sì bá ti rí i pé ẹ̀rọ tí ń wọn ṣúgà kọ 280 mg/dL, ó ti rí ìdí tí ó fi ń rẹ aláìsàn, ìbéèrè parí níbẹ̀. Ó tọ̀nà pé kí ó wo ṣúgà ṣáájú. Ohun tí kò tọ̀nà ni kí ó má wo ibòmíràn mọ́. Bí ṣúgà bá wálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí àárẹ̀ náà kò bá lọ, tàbí tí àárẹ̀ bá ń wúwo jù lówùúrọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣe iṣẹ́ kankan, ó yẹ kí a fura. Àwọn àmì kan tilẹ̀ wà tí àtọ̀gbẹ nìkan kì í dá mú wá: kí aláìsàn máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi lórí gbogbo nǹkan, kí ó rí ara rẹ̀ bí ẹrù lọ́rùn àwọn ọmọ, kí ó má rí ìdùnnú níbi ayẹyẹ tí ó máa ń múra sí ṣáájú, kí ikú máa wù ú.

Ìdàrúdàpọ̀ náà tún ní ẹ̀yìn míràn. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ já wálẹ̀ jù, bóyá nítorí pé ó lo glibenclamide, oògùn tí ń mú ṣúgà wálẹ̀, tí kò sì jẹun, yóò máa gbọ̀n, yóò máa làágùn, àyà rẹ̀ yóò máa já. Àwọn ará ilé lè pè é ní ìpayà. Ẹ̀rọ tí ń wọn ṣúgà ni yóò sọ òtítọ́ níbẹ̀, ara yóò sì balẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tí ó bá mu ohun dídùn. Bákan náà, metformin, oògùn àtọ̀gbẹ míràn, tí a bá lò fún ọ̀pọ̀ ọdún lè dín fítámì B12 kù nínú ara, kí ẹsẹ̀ máa ta, kí ìrántí dín kù, kí ọkàn rẹ̀wẹ̀sì. Abẹ́rẹ́ tàbí oògùn B12 lè tó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí aláìsàn fi ń sọ̀rọ̀ tún kù. Ó ṣọ̀wọ́n kí àgbàlagbà kan ní Ìjẹ̀bú wọ ilé ìwòsàn kí ó ní inú òun bàjẹ́ láìnídìí. Yóò ní orí òun ń gbóná, nǹkan ń rìn lára òun, àyà òun ń já, oorun kò kun ojú òun. Ní 1987, Makanjuola, oníṣègùn ọpọlọ, kọ ìwádìí lórí ọdẹ orí láàárín àwọn aláìsàn Yorùbá, ó sì fi hàn pé ìsoríkọ́ tàbí ìpayà ló sábà máa ń wà nídìí ohun tí aláìsàn ń pè ní ohun tí ń rìn lórí. Fún ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, ọ̀rọ̀ náà tún díjú sí i, torí pé àtọ̀gbẹ ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, ẹsẹ̀ sì lè máa jó tàbí kí ó máa gún ní tòótọ́. Ẹni tí nǹkan ń rìn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lè ní àìsàn iṣan. Ẹni tí nǹkan ń rìn lórí rẹ̀ àti ní gbogbo ara rẹ̀, tí kò sì sùn láti oṣù méjì, yẹ kí a bi léèrè ohun tí ó ń rò.

Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó gbà pé ìsoríkọ́ wà níbí rárá. Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan tí J. C. Carothers kọ, tí ó ní ìsoríkọ́ ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà. Ìpínlẹ̀ Ògùn gan-an ni ìdáhùn ti wá. Thomas Adéoyè Lámbò, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò ní Abẹ́òkúta ní 1954, kò ti gbogbo aláìsàn mọ́lé. Ó fi wọ́n wọ̀ sí àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú àwọn ìbátan wọn. Ní 1961, òun àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, kiri Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé agbègbè rẹ̀, wọ́n ń bi àwọn ará ìlú léèrè ọ̀rọ̀. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1963 fi hàn pé àmì ìsoríkọ́ wà láàárín àwọn Yorùbá, kò sì ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí kò béèrè ni kò rí i. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ohun kan náà ni a lè sọ nípa yàrá àyẹ̀wò àtọ̀gbẹ.

Àrò tún fa ìṣòro kan láìmọ̀. Lẹ́nu àwọn ará ìlú, orúkọ rẹ̀ ti di orúkọ wèrè. Bí a bá sọ fún ìyá kan ní Màmú pé kí ó lọ sí Àrò nítorí àìsùn, àwọn ará ilé yóò gbà pé orí rẹ̀ ti dàrú, ó sì lè má padà wá gba oògùn àtọ̀gbẹ pàápàá. Ìdí nìyí tí ìtọ́jú tí ó sún mọ́ ilé fi lérè ju ìwé ìfiránṣẹ́ lọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Báwo ni ọ̀kan ṣe ń fa èkejì? Thomas Willis, oníṣègùn ará Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ ní nǹkan bí 1674 pé ìbànújẹ́ tí ó pẹ́ lè mú àtọ̀gbẹ wá. Kò ní ẹ̀rí púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣìnà pátápátá. Nígbà tí Briana Mezuk àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ìwádìí tí ó tọ ènìyàn lẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún jọ ní 2008, wọ́n rí i pé ìsoríkọ́ fi nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 kún ewu kí ènìyàn ní àtọ̀gbẹ irú kejì, nígbà tí àtọ̀gbẹ fi nǹkan bí ìdá 15 kún ewu ìsoríkọ́. Ọ̀nà méjèèjì ṣí, ṣùgbọ́n ọ̀kan fẹ̀ ju èkejì lọ. Nínú ara, ìdààmú tí ó pẹ́ ń mú kí èròjà tí a ń pè ní cortisol pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Cortisol ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kí ó tú ṣúgà jáde, ó sì ń mú kí ínsúlínì má ríṣẹ́ ṣe dáadáa. Nínú ìgbésí ayé ojoojúmọ́, ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì kì í rìn, kì í se oúnjẹ, gàrí tí a fi omi rẹ ni ó rọrùn fún un jù, oògùn òwúrọ̀ sì ń di ti àná. Ó jọ pé èyí ló ń ṣe ìpalára jù ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé cortisol ló gbajúmọ̀ nínú ìwé.

Àyíká náà ní ìpín tirẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ ni oúnjẹ tí a fi ń mọ Ìjẹ̀bú, ẹ̀bà ni ti ojoojúmọ́. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé kí ó fi méjèèjì sílẹ̀ láìsí ẹni tí ó ṣàlàyé ìwọ̀n fún un yóò máa jókòó lẹ́yìn ní ibi àsè, títí tí kò fi ní lọ mọ́. Ní ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ àti aṣọ ẹbí ti ń so ènìyàn pọ̀, ẹni tí kò lọ sí òde mọ́ ti pàdánù ohun tí ó ju oúnjẹ lọ. Bí iye owó náírà ṣe já wálẹ̀ ní 2023, àti bí àwọn ilé iṣẹ́ oògùn ńlá bíi GlaxoSmithKline ṣe kúrò ní Nàìjíríà ní ọdún náà, tún sọ iye oògùn di ohun tí ń gba oorun lójú. Ọkùnrin tí agbára rẹ̀ dín kù nínú yàrá kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ alágbo ni yóò gbà lọ. Egbò ẹsẹ̀ tí kò jinná ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀, pàápàá fún àgbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ irinṣẹ́ rẹ̀.

Ìwé ìbéèrè tí ó bá ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé mu jù ni PHQ-9, tí Kurt Kroenke, Robert Spitzer àti Janet Williams gbé jáde ní 2001. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni, lórí ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kọjá. Àmì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 27, ẹni tí ó bá gba 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yẹ kí a yẹ̀ wò dáadáa. Ní 2006, Abíọ́dún Adéwuyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà, ó sì ṣiṣẹ́. Ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ nìkan lè tó láti bẹ̀rẹ̀: ṣé ọkàn rẹ̀wẹ̀sì, ṣé kò sí ohun tí ó wu ènìyàn ṣe mọ́. Kò gba owó, kò gba iná, kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Bí a ṣe ń béèrè ṣe pàtàkì bí ìbéèrè náà. Òṣìṣẹ́ ìlera ọmọ ọgbọ̀n ọdún kò lè dédé bi bàbá àádọ́rin ọdún léèrè bóyá ó ń sunkún. Oorun àti oúnjẹ ni ó yẹ kí ó ti wọlé: “Bàbá, ṣé ẹ sùn dáadáa? Kí ni ẹ máa ń rò tí ẹ bá jí lóru?” Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì yẹn ni ó sábà máa ń ṣí ilẹ̀kùn. Ọmọ tàbí ìyàwó tí ó tẹ̀ lé aláìsàn wá ní láti jáde díẹ̀, torí kò sí ẹni tí yóò sọ pé òun jẹ́ ẹrù níwájú ẹni tí ń gbé e. Ìbéèrè ikú kò ṣeé fò. Bíbéèrè rẹ̀ kì í fi í sí ènìyàn lọ́kàn. Ó máa ń tù ú lára ni. “Ṣé ó ti ṣe yín rí bíi pé kí ẹ má jí mọ́?” rọrùn láti dáhùn ju ìbéèrè tí ó dárúkọ pípa ara ẹni lọ, a sì lè ti ibẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn tí Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ amúnisìn sọ gbígbìyànjú láti pa ara ẹni di ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀wọ̀n ọdún kan, ìbẹ̀rù rẹ̀ sì ń di ẹnu àwọn ènìyàn. Fún ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, a tún ní láti bi í bóyá ó ti mọ̀ọ́mọ̀ fi oògùn sílẹ̀, tàbí bóyá ó ti ronú láti lo ínsúlínì ju bó ti yẹ lọ.

Ìtọ́jú kò ní láti dúró de dókítà ọpọlọ. Ní 2011, ilé ìwòsàn Àrò bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún Ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n kọ́ òṣìṣẹ́ 80 láti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé 40 ní ìlànà mhGAP ti Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ. Ìsoríkọ́ wà lára ohun tí wọ́n kọ́ láti tọ́jú. Nínú ìwádìí tí Oyè Gùrèjè ti Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2019, àwọn òṣìṣẹ́ alábọ́ọ́dé ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà tọ́jú àwọn tí ó ní ìsoríkọ́ ní ọ̀nà méjì: àwọn kan gba ìtọ́jú onípele tí ó ní ìjókòó ìsọ̀rọ̀, àwọn yòókù gba ìtọ́jú mhGAP lásán. Lẹ́yìn ọdún kan, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ara wọn ti yá ní ìhà méjèèjì. Àwọn kan lè pe èyí ní ìjákulẹ̀ fún ọ̀nà tuntun. Fún ilé ìwòsàn tí kò ní òṣìṣẹ́ púpọ̀, ìròyìn ayọ̀ ni: ohun tí ó kéré náà ṣiṣẹ́.

Ìjókòó ìsọ̀rọ̀ ṣì ní àyè tirẹ̀. Ní Harare, ní Sìmbábúè, Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà láti jókòó lórí bẹ́ńṣì ní ọgbà ilé ìwòsàn kí wọ́n bá aláìsàn tú ìṣòro rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n mú ẹyọ kan tí a lè yanjú, kí wọ́n sì jọ wá ọ̀nà rẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àmì ìsoríkọ́ kù lára ìdá 14 nínú 100 àwọn tí wọ́n jókòó, ṣùgbọ́n ó wà lára ìdá 50 àwọn tí kò jókòó. Kò sí ìdí tí ìyá ẹgbẹ́ kan ní Àgọ́-Ìwòyè kò fi lè ṣe irú rẹ̀.

Àtúnṣe ìsoríkọ́ nìkan kì í tún ṣúgà ṣe, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò retí. Ní Seattle, Wayne Katon àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́jú ìsoríkọ́ àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2004: ọkàn wọn fúyẹ́, ṣúgà wọn kò yí padà. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, tí nọ́ọ̀sì kan náà ń mójú tó ìsoríkọ́, ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí dókítà sì ń bá nọ́ọ̀sì náà yẹ iṣẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, gbogbo rẹ̀ sàn. Èyí jáde ní 2010. Ní Màmú, èyí kò ju pé kí ọjọ́ àyẹ̀wò ṣúgà àti ọjọ́ ìbéèrè ọkàn jẹ́ ọjọ́ kan náà, lọ́wọ́ ẹnì kan náà. Ìrìn ẹsẹ̀ ojoojúmọ́ wà nínú ìtọ́jú méjèèjì, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Oògùn wà fún ẹni tí ìsoríkọ́ rẹ̀ le. Kí a tó fún un, a gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ó ti ní ìgbà kan rí tí ara rẹ̀ yá gágá ju bó ti yẹ lọ, tí kò sùn, tí ó ń náwó bí omi, nítorí oògùn ìsoríkọ́ nìkan lè mú irú ìgbà bẹ́ẹ̀ padà wá. Fluoxetine kì í sábàá mú ènìyàn sanra, ó sì lè dín ṣúgà kù díẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó ń lo glibenclamide tàbí ínsúlínì ní láti máa ṣọ́ ṣúgà tí ó já wálẹ̀. Amitriptyline ń tu ẹsẹ̀ tí ń jó lára, ó sì ń mú oorun wá, ṣùgbọ́n ó lè mú ènìyàn sanra kí ṣúgà ga. Kò yẹ fún ẹni tí ọkàn-àyà rẹ̀ kò dára, a kò sì gbọ́dọ̀ kó púpọ̀ rẹ̀ lé ẹni tí ń ronú ikú lọ́wọ́, torí àlòjù rẹ̀ ń pa. Èyíkéyìí tí a bá fún un, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni yóò gbà kí ó tó hàn. Aláìsàn gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ó má baà dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ kejì pé kò ṣiṣẹ́.

Ẹni tí ó fẹ́ pa ara rẹ̀, ẹni tí ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ẹni tí kò jẹ tí kò mu mọ́, àti ẹni tí oògùn méjì kò ràn lọ́wọ́ ni ó yẹ kí a fi ránṣẹ́ sí Ṣàgámù tàbí Àrò. Òfin ìlera ọpọlọ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní January 2023, tí ó rọ́pò òfin wèrè ti 1958, fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tí òfin àtijọ́ kò fún un. Àwọn yòókù lè gba ìtọ́jú wọn nítòsí ilé. Lẹ́yìn tí ara bá ti yá, àwọn tí ń lo oògùn ìsoríkọ́ yóò máa lò ó lọ fún oṣù mẹ́sàn-án sí méjìlá, lẹ́yìn náà a ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nígbà tí oògùn àtọ̀gbẹ ń bá a lọ bí ó ti wà.